Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rin tí Ìyá Mi Fi Lanu

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi ìka tí mo fi ń wọn ata tẹ fóònù. Bí mo bá wá fi ìka kan náà nu ojú, omi á bọ́, àwọn oníbàárà mi lọ́jà Òmù-Àrán á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá aláta, ikú ìyá ò ṣe é gbàgbé." Èmi á máa gba ìkẹ́dùn nítorí ata. Ṣùgbọ́n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Ìyá mi kò fẹ́ràn àwòrán rárá. Ó ní ojú tí Ọlọ́run fún òun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tó kú, ọjọ́ náà la sin ín, bí àwa mùsùlùmí ti ń ṣe. Ohun tó kù tí mo lè wò kò ju fídíò kékeré kan tí mo jí yà nílé rẹ̀ ní Èsìẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi ìborùn bo fóònù, mo fi ojú kámẹ́rà nìkan sílẹ̀. Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe oríkì mi, bó ti máa ń pè é láràárọ̀ látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. N kò ní kọ oríkì náà síbí. Kì í ṣe ata, n kì í tà á. Ó fa ìparí rẹ̀ gùn, bí ẹni ń fa omi jáde nínú kànga. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó tán.

Títán yẹn gan-an ló ń dùn mí. Màá tẹ̀ ẹ́, á tán, màá tún tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fáwọn èèyàn. Ó ní òun lè gé fídíò náà, kí òun sọ ọ́ di àwòrán tó ń rìn fúnra rẹ̀, tí kò ní dúró láé.

"Láé?"

"Láé, Màmá. Bó bá ti dópin, á tún bẹ̀rẹ̀."

Ọgbọ́n ẹni tí kò kàwé a máa pọ̀ jù. Mo ní ohun tí kì í tán sàn ju ohun tó ń tán lọ. Orí fóònù mi náà ló ti ṣe é. Mo fìka hàn án ibi tó máa gé, láti ibi tí Ìyá ti yíjú títí dé ibi tó ti panu dé. Nígbà tó ṣe é tán, fóònù ń ké pé òun ti yó. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi fídíò yẹn sílẹ̀, ká pa nǹkan mìíràn rẹ́."

Mo fi í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ta ní í tọ́jú èèpo lẹ́yìn tó ti jẹ ẹ̀pà? Pa á rẹ́, kó o gbá inú ẹ̀ mọ́ tónítóní."

Ó sì gbá a mọ́ lóòótọ́.

Mo délé, mo gbé fóònù síwájú. Ìyá mi yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó lanu. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ohùn fóònù sókè títí kò fi lè gòkè mọ́. Mo fi etí lẹ̀ ẹ́. Ẹnu ń là, ẹnu ń pa dé, bí ẹnu ẹja. Mo sáré padà. Obìnrin náà wò mí tìyanu tìyanu. "Màmá, àwòrán ni. Àwòrán kì í sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ẹnì kan péré ni mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí rí: ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Àrán-Ọ̀rin. Ẹ sì gbọ́ o, lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ Ìyá, mo ti sọ fún un lójú èrò pé ọbẹ̀ rẹ̀ dà bí omi tí àgbẹ̀ fi fọ ẹsẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, tèmi ló pọ̀ jù. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a láìdúnàádúrà, mo sì ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku ojúde, èmi tó ń pè ní ọkọ rẹ̀ torí pé ilé wa ló ti lọ́kọ.

"Yéè! Ọkọ mi, ẹ dìde! Ta ló tún kú?"

"Fídíò Ìyá. Jọ̀ọ́. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ."

Ó jókòó tì mí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bú ọbẹ̀ mi, mo délé, mo pa gbogbo ohun tó ti ọ̀dọ̀ yín wá rẹ́. Inú ló bí mi, ọkọ mi."

Mo wá ọ̀rọ̀ burúkú tí màá sọ sí i, n kò rí. Mo sunkún, tọjọ́ yẹn kì í ṣe ata. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ẹnu Ìyá, ó wá ń fi ohùn tirẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń pe oríkì mi. Nígbà tó dé ìparí, ó dúró. Ó ní òun ò rántí bí Ìyá ṣe ń fà á. Mo ní kó fún mi, kí n fà á hàn án. Mo fà á. Kò gùn tó. Mo tún fà á, ó gùn jù. Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà mí gan-an, torí èmi náà ti ń gbàgbé.

Àwòrán náà ṣì ń rìn títí dòní. Kò dúró, bí obìnrin yẹn ti ṣèlérí. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ìsọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, màá fi ẹnu ara mi pe oríkì ara mi. Nígbà mìíràn màá ti parí kí Ìyá tó panu dé. Nígbà mìíràn òun á ti panu dé, kí n ṣì máa fà á lọ. A kò tíì parí pọ̀ rí. Òun á tún bẹ̀rẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀.