Ẹ̀gẹ́ Ọjọ́ Mẹ́rin

Kò sí ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yìí, kò sì sí iwin. Obìnrin kan ni, Sàúdátù ni wọ́n ń pè é, ní agbo ilé Adéagbo nísàlẹ̀ Ìlódè, níbi tí ilé ti tán tí ọ̀nà odò sì bẹ̀rẹ̀. Láfún ló ń ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń hó ẹ̀gẹ́, tó ń rẹ ẹ́ sínú odò, tó ń sá a sórí àpáta, títí ìka rẹ̀ fi funfun dé èékánná, funfun tí ọṣẹ kankan kò lè fọ̀. Kò bí ọmọ tó dúró. Ọkọ rẹ̀, Àjàgbé, ti lọ bá obìnrin mìíràn ní Ẹdẹ. Ọjọ́ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí lórí, ó ní, "Sàúdátù, má bínú sí mi. Kádàrá ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Sàúdátù wo ìsàlẹ̀. "Ṣé kádàrá ló wọ bàtà yìí? Ẹsẹ̀ tìrẹ ni mo ń rí nínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn di ẹ̀fẹ̀ nínú agbo ilé. Bí ìyàwó kan bá fọ́ àwo, tó ní iṣẹ́ èṣù ni, wọn á ní kó lọ sọ fún Sàúdátù, yóò béèrè irú bàtà tí èṣù wọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rín in. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, òun ló ṣe é, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀ ni ọdún tó tẹ̀lé èyí tí iná ọyẹ́ jó oko kòkó. Ebi wà ní Ifẹ̀, ebi wà ní Mọdákẹ́kẹ́. Gàrí di ohun tí à ń fi kóńgò kékeré wọ̀n fún ilé ńlá. Ẹ̀gẹ́ gidi ti tán lóko. Èyí tó kù ni ẹ̀gẹ́ kíkorò, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn yí oko ká kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀gẹ́ yìí bí omi bá ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni omi fi ń fa májèlé inú rẹ̀ jáde.

Àwọn oníláfún sì ní bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kó o sómi, ọjọ́ kan nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kó o jáde, ọjọ́ kan nìyẹn pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kì í jiyàn sí i, nítorí kùtùkùtù ni wọ́n máa ń kó o sómi, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń kó o jáde. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ yẹn, alẹ́ ti fẹ́ lẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tó dé ọwọ́ Sàúdátù. Oòrùn ti wọ̀ nígbà tó ri àpò rẹ̀ sínú odò, tó gbé òkúta lé e.

Ní ìdájí Mọ́ńdè, ó ti padà débẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ló bá níbẹ̀, oníláfún bíi tirẹ̀, tó ń bó iṣan inú ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra ni Àyọ̀kẹ́ ti ṣáájú Sàúdátù dé ọjà Mayfair, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Láfún. Orúkọ Sàúdátù ni tẹ́lẹ̀.

"Ìyá Láfún àgbà," ni Àyọ̀kẹ́ wí, "o tètè jí. Ṣé ẹ̀gẹ́ ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Tèmi ti pé."

"Ó pé? Ìgbà wo lo kó o sómi?"

"Jímọ̀."

"Jímọ̀ wo? Jímọ̀ tí mo pàdé rẹ lọ́nà tí wọ́n ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán?"

Sàúdátù na ìka rẹ̀. "Jímọ̀, ọ̀kan. Sátidé, méjì. Sọ́ńdè, mẹ́ta. Òní, mẹ́rin. Àbí ìka tìrẹ ju tèmi lọ ni?"

Àyọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìka rẹ pé. Ẹ̀gẹ́ ni kò lọ iléèwé, kò mọ ìka kà." Ó yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Sàúdátù tú ẹnu àpò. Ó mú ẹ̀gẹ́ kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀. Inú rẹ̀ le bíi pákò. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Ó dúró, omi ń gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni kò tì í, ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Ó lè dá àpò náà padà sábẹ́ omi títí di ọ̀la, ìrọ̀lẹ́. Ohun tí yóò tìdí rẹ̀ yọ kò ju pé kí Àyọ̀kẹ́ tún ṣáájú rẹ̀ dé Mayfair. Ó ro ìyẹn, ó sì ń gbọ́ bí wọn yóò ti máa pe orúkọ òun mọ́ ẹlòmíràn. Ó ní oòrùn á parí èyí tó kù. Ó gbé àpò náà lé orí.

Ó sá a sórí àpáta. Fúnlọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń bá a lé ewúrẹ́. Ọmọ Tinúadé ni, ìyàwó Bámidélé bíríkìlà, nínú agbo ilé kan náà. Èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín.

"Ìyá Odò," ni ọmọ náà wí, bó ti máa ń pe Sàúdátù, "ewúrẹ́ yìí gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀ ọ́."

"Ó ti yó ni."

"Níbo ló ti rí oúnjẹ jẹ?"

"Ìwọ máa lé e lọ, ọlọ́rọ̀ púpọ̀."

Ní Àlàmísì, ó lọ̀ ọ́ lẹ́rọ. Bó ti ń bọ̀, ó rí Tinúadé tó ń se ìbẹ́pẹ dúdú fún àwọn ará ilé rẹ̀, ọjọ́ kejì ìbẹ́pẹ nìyẹn. Àánú ṣe é. Ó bu láfún sínú igbá, ó kún dé ẹnu. Tinúadé kúnlẹ̀ gbà á. "Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà." Inú Sàúdátù dùn sí ara rẹ̀ títí ó fi sùn.

Ó dé Mayfair kí Àyọ̀kẹ́ tó dé ní ọjọ́ kejì. Ó tà á, ó ku abọ́ kan. Nígbà tó padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin Fúnlọ́lá. Ọ̀kà láfún yẹn ni wọ́n jẹ nílé Tinúadé láàárọ̀, wọ́n fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ́. Bámidélé àti ìyá rẹ̀ kàn ní orí ń fọ́ àwọn. Tinúadé bì. Ọmọ náà bì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì rí ìrun ọ̀sán. Wọ́n ní èéyi ló ṣẹ́ kù sí i nínú.

Sàúdátù kò bọ́ gèlè. Ó gbé láfún tó ṣẹ́ kù, ó lọ dà á sí ṣáláńgá. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Àmúwá Ọlọ́run. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Wọ́n sọ ọ́ fún Tinúadé, wọ́n sọ ọ́ fún Bámidélé, wọ́n sì sọ ọ́ fún Sàúdátù náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń gbà á bí ìgbà tí wọ́n ń bu eérú sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ bá Àlùfáà Yẹ̀kínì níwájú mọ́ṣáláṣí, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìka tó kà dé orí ṣáláńgá.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Àlùfáà wí. "Kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn ni wọ́n ti kọ ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi oṣù kan gbáko rẹ ẹ̀gẹ́ yẹn, Jímọ̀ náà ni ì bá lọ."

"Mo dúró lódò, Àlùfáà. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, mo mọ̀ pé kò rọ̀."

"Ìdúró yín náà wà nínú àkọsílẹ̀."

"Níjọ́sí tí wọ́n jí búùtà mọ́ṣáláṣí, ẹ ní kí wọ́n na olè náà. Ṣé àkọsílẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ búùtà ni?"

Àlùfáà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ti olè yàtọ̀."

"Kí ló mú un yàtọ̀?"

"Ó mọ ohun tó ń ṣe."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n."

Àlùfáà yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wo ojú títì. "Ẹ máa tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ má sì sọ èyí káàkiri. Ẹ ó kàn da ilé rú ni, ọmọ kò ní jí."

Ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó dákẹ́. Ì bá dákẹ́ títí lọ, bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ kẹjọ.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ṣàdúà tán, èèyàn díẹ̀ ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ará ilé nìkan. Sẹ̀gilọlá, ìyá Bámidélé, tó jẹ́ àgbà obìnrin ilé náà, tún ìró rẹ̀ ró. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ mẹ́ta rèé tó kú mọ́ Tinúadé lọ́wọ́. N kò bú u o. Orí tó gbé wá sáyé ni kò gba ọmọ, kì í sì í ṣe òun ló yàn án. Ọmọ tèmi ṣì kéré. Kí Tinúadé lọ sinmi nílé bàbá rẹ̀ ní Ìpetumodù."

Gbogbo wọn mọ irú ìsinmi tó ń wí. Tinúadé tẹ orí ba. Bámidélé ń fi èékánná họ sìmẹ́ńtì gbígbẹ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìyáalé," ni Sàúdátù wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè, "kì í ṣe orí rẹ̀. Láfún mi ni. Mo kó ẹ̀gẹ́ kíkorò jáde kí ó tó rọ̀, mo sì mọ̀ pé kò rọ̀, nítorí kí n lè ṣáájú Àyọ̀kẹ́ dé ọjà. Èmi ni mo ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ lé ẹnì kan, èmi ni kí ẹ lé."

Sẹ̀gilọlá rọra mi orí. "Ẹ wò ó, àánú ọmọbìnrin yìí ló ń ṣe é. Sàúdátù, gbogbo wa la jẹ láfún yẹn. Èmi arúgbó yìí jẹ ẹ́, mo sì jókòó níbí. Ṣé láfún rẹ ń ṣa ẹni tí yóò pa ni?"

"Ọmọ náà ti gbẹ, Ìyáalé. Kò lókun bíi tiyín."

"Ta ló mú un gbẹ? Ọlọ́run náà ni."

"Ẹ bi Àyọ̀kẹ́. Ó bi mí léèrè lódò, mo sì fi ìka rẹ́ ẹ jẹ."

"Ìyá mi, ẹ dákẹ́."

Tinúadé ló sọ̀rọ̀. Ó ti gbé orí sókè, kò sì sí omi lójú rẹ̀. Sàúdátù yíjú sí i, ó ti múra láti gba èébú, ó tilẹ̀ ń retí rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yẹn sọ fún mi pé ó korò," ni Tinúadé wí. "Mo ti tọ́ ọ wò nígbà tí mo ń rò ó, ó ta mí lẹ́nu. Mo ní láfún lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ta ni yóò dà á nù? Mo gbé orógùn dání, mo ní bí kò bá jẹ ẹ́ tán, n ó nà án. Ó ń wo orógùn, ó ń jẹ."

Bámidélé dá ọwọ́ tó fi ń họ ṣòkòtò dúró.

"Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé Ọlọ́run ni, pé orí mi ni. Mo ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Orí burúkú, mo lè gbé e lọ sílé bàbá mi. Ẹ̀yin wá jókòó níbí, ẹ ní ẹ̀gẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ ni, ta ló fi í sí i lẹ́nu? Ẹ dáhùn, Ìyá mi. Ta ló rán yín?"

Sàúdátù ti fi ọjọ́ mẹ́jọ wá ẹni tí yóò gbà pé ọwọ́ òun ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó wá gbà á gbọ́ ni ẹni tí kò yẹ kó gbọ́ rárá.

"Ẹ rí i bí ìbànújẹ́ ṣe ń da èèyàn lórí rú," ni Sẹ̀gilọlá wí fún àwọn yòókù. "Àwọn méjèèjì nílò ìsinmi."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Tinúadé di ẹrù rẹ̀. Bámidélé ti lọ síbi iṣẹ́. Sàúdátù tẹ̀ lé e dé ìta, ó tẹ̀ lé e dé oríta. Níbẹ̀ ni Tinúadé ti sọ ẹrù kalẹ̀ láti tún òṣùká rẹ̀ ká, nígbà tó sì ká a tán, ẹrù náà wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé rù. Sàúdátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Tinúadé wí. Ó jókòó lé ẹrù náà.

Wọ́n wà níbẹ̀ pẹ́. Ọkọ̀ ń kọjá, eruku ń bò wọ́n. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ń ta igi ìdáná ń bọ̀ láti apá Mọdákẹ́kẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Tinúadé dìde, ó kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ jọ̀wọ́, màmá, ẹ bá mi gbé e."

Obìnrin náà wo Sàúdátù. "Èyí tó dúró tì ọ́ ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e ni?"

"N kò mọ̀ wọ́n rí," ni Tinúadé wí.

Obìnrin oní-igi bá a gbé e. Tinúadé dúpẹ́, ó yà sí ọ̀nà Ìpetumodù, ọrùn rẹ̀ le lábẹ́ ẹrù. Obìnrin náà gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo Sàúdátù, tó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbi tí ẹrù wà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mo pa ọmọ rẹ̀," ni Sàúdátù wí.

Obìnrin náà na ọwọ́, ó rọra fà á dìde. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyá. Ọlọ́run nìkan ló ń pa èèyàn." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.