Ìkarahun Inú Kànga Ifọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ga tó ẹni tó lè yọjú wo inú kànga láìgun orí òkúta, bàbá mi ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga sí àgbàlá wa ní Ifọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kàn ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń dà ṣàà, ẹ kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Odò la ti ń pọn omi. Bí ìyá mi bá rán mi ní òwúrọ̀, ọwọ́ ọ̀sán ni mo ń dé, ìdajì omi náà á sì ti dà sí mi lọ́rùn. Ọjọ́ tí bàbá mi sọ̀rọ̀ kànga yẹn, mo jó.

Ọkùnrin kan tó wá láti agbègbè Ọ̀ṣun ni bàbá mi pè. Ó ti gbẹ́ kànga káàkiri Ifọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kan tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ sì yá yàrá kan lẹ́bàá ojú irin. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni á ti máa kọrin, tí ohùn rẹ̀ á máa dún bíi ti ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe ń ṣe ìtọ́jú erùpẹ̀. Bí garawa bá gòkè, tí àwọn tó ń fà á bá fẹ́ kàn dà á sílẹ̀, á pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ má dà á pọ̀ o! Ẹ tò ó!" Erùpẹ̀ pupa lọ́tọ̀, yanrìn tó dà bíi gaàrí lọ́tọ̀, amọ̀ dúdú tó ń rùn lọ́tọ̀. Wọ́n tò ó yí ẹnu kànga ká bí ẹni tó pàtẹ ọjà. Tó bá jáde ní ìrọ̀lẹ́, á mú díẹ̀ lára èyí tó jáde kẹ́yìn, á fi kan ahọ́n, á sì sọ fún bàbá mi bí omi ṣe jìnnà sí wa tó.

Nígbà tó yá, òkúta funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Mo ń ṣeré nídìí òkìtì rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni mo rí ìkarahun kan. Kì í ṣe ti ìgbín o, ta ni kò mọ ìgbín? Èyí pẹlẹbẹ, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni fi ìyarun fà á. Inú òkúta gan-an ló wà. Òkúta ti gbé e mì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló yọ síta. Ó wù mí kọjá sísọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi ń ṣe, èèwọ̀ sì ni kí ọmọdé fọwọ́ kan irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ròyìn. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò sí nílé. Mo yọ́ mú òòlù, mo fọ́ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ títí ìkarahun fi bọ́ sí mi lọ́wọ́ lódindi. Mo da àfọ́kù òkúta náà sínú igbó ẹ̀yìnkùlé, mo dá òòlù padà síbi tí mo ti mú un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló rí ìkarahun náà lọ́wọ́ mi. Ó figbe ta pé ẹnìkan ti ri oògùn sí àgbàlá wa, ilé pé lé mi lórí. Nígbà tí bàbá mi dé, ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní, "Níbo lo ti rí i? Ṣé inú òkúta ló wà ni, àbí ó dá wà?" Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n ni bàbá mi. Bó bá jẹ́ inú òkúta ló wà, kò sí ọmọ ènìyàn tó lè kì í bọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òòlù ni èmi ń rò, n kò ro ti ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ó dá wà ni, Bàbá. Inú erùpẹ̀ ni mo ti ṣà á."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ṣé òkun wà ní Ifọ̀ ni? Ta ló sì ń wọ inú ihò náà yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ? Ó ní ọkùnrin náà ti ri nǹkan mọ́lẹ̀ dè wá. Agbẹ́kànga búra títí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbẹ́ ẹ débi omi, pé omi ló máa gbèjà òun. Wọ́n gbà fún un. Omi jáde ní ọjọ́ kẹta, ó mọ́ gaara. Ìyá mi bù ú láti fi fọ aṣọ, ọṣẹ kò hó. Ó fi ọṣẹ ra aṣọ títí apá fi ń ro ó, ọṣẹ kò hó, àfi nǹkan funfun kan tó léfòó. Ó tún gbé omi náà kaná, inú ìkòkò funfun. Ta ló tún ń wá ẹ̀rí kiri? Wọ́n ní kó fi ìlú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà ká okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ, wọ́n kúrò ní Ifọ̀. Bó ṣe ń kọjá níwájú mi, ó wò mí. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé ni. Bàbá mi ní kí wọ́n dí kànga náà, gbogbo erùpẹ̀ tí wọ́n ti tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wọ́ ọ dà pọ̀ sínú ihò. Àwa náà padà sí ọ̀nà odò.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ogún lọ́nà mélòó kan kí òtítọ́ tó gbéra nílé.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mowé báyìí, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkun ló kà ní yunifásítì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bá àwọn ará àdúgbò wa níbi tí omi kì í dé tẹ́lẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá láti lu ilẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo gbé àga síta, mo ń wò wọ́n. Ni mo bá rí i tí ọmọ yìí ń to erùpẹ̀ sínú àpótí pákó gígùn kan: pupa lọ́tọ̀, yanrìn lọ́tọ̀, amọ̀ dúdú lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gbọ́n ọn pọ̀. Ọmọ mi pariwo, "Brọ́dá, ẹ má dà á pọ̀ o! Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ṣáájú?" Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, láti inú ihò.

Nígbà tí òkúta funfun jáde, mo dìde lọ wò ó. Ìkarahun wà nínú rẹ̀. Mo béèrè ohun tó gbé e débẹ̀.

Ó ní, "Gíráńmà, òkun ti wà níbí rí. Àwọn nǹkan inú òkun ló kú síbẹ̀, ló pẹ́ pẹ́ tó wá di òkúta."

Mo ní, "Òkun? Ní Mowé? Ní Ifọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Títí dé Ifọ̀."

"Ta ló wá gbé e lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dárúkọ iye ọdún kan tí kò wọ̀ mí létí, ó ní omi a máa wá, a sì máa lọ, ilẹ̀ a máa ga, a sì máa rì, àti pé ẹni tó bá mọ ibi tí omi ti gbà rí lè fura síbi tó máa tún gbà. Mo béèrè nípa ọṣẹ tí kì í hó. Ó ní òkúta yẹn kan náà ló ń yòrò sínú omi, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ń rin ilẹ̀ yìí láti kékeré, n kò mọ̀ pé ẹja ló kọ́kọ́ ni ín. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ó ṣì ń rú mi lójú. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á dà bí ẹni pé ibùsùn ń mì. Òkun wá, òkun lọ, kò sí ẹni tó rí i. Ohun kan ṣoṣo tó yé mi nínú gbogbo rẹ̀ ni òòlù bàbá mi.

Mo béèrè agbẹ́kànga náà lọ́wọ́ àwọn ará Ifọ̀ títí, ẹnì kan fi sọ pé ó ti kú tipẹ́, pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ránṣọ ní Àjùwọ̀n. Mo mú òkúta Mowé tó ní ìkarahun nínú dání, ọmọ mi gbé mi lọ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà ti di ìyá àgbà, ó fi awò sójú. Nígbà tí mo ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo kúnlẹ̀.

Ó fò dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Kí ni mo ṣe tẹ́ ẹ fi ń kúnlẹ̀ fún mi?"

N kò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán, ti òòlù àti ti irọ́. Ó wá ní, "Bàbá mi ò gbẹ́ kànga mọ́ láti ìgbà yẹn. Kò tiẹ̀ mu omi kànga mọ́. Omi òjò nìkan ló ń mu títí ó fi kú. Ó ní nǹkan kan ń bá òun jà nínú ilẹ̀, òun ò sì mọ ohun tóun fi ṣe é."

Mo gbé òkúta náà lé e lọ́wọ́. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó fi èékánná wá etí ìkarahun náà yíká, bóyá á mì. Kò mì.

Ó ní, "Kò sí bí èèyàn ṣe lè ki èyí bọ ibẹ̀."

Mo ní, "Kò sí."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tiwa, ìkarahun kan ṣoṣo lé odindi ìdílé kúrò nílùú. Lónìí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ káàkiri Mowé, òkúta funfun ń dà sójú títì, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sí iléèwé, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ka ilẹ̀ bí ẹni ka ìwé, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti ń tò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú mi kí wọ́n tó bí wọn, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n lé e. Obìnrin yẹn sìn mí dé ìdí mọ́tò, ó dì mí mú kí n má baà ṣubú. Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì mọ̀, títí di òní, bóyá ó yẹ kí n padà lọ béèrè.