Màrìwò Tó Lé Bàálù Padà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní pápá bàálù abúlé wa, nítòsí Ahoyéyé, lágbègbè Pobè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o!

Àwọn bàbá wa àgbà ló fi ọkọ́ ro pápá náà láyé àwọn Faransé. Nígbà tí bàálù ò wá mọ́, ta ló ń gbá pápá náà mọ́? Àwa obìnrin ni! Ilẹ̀ ibẹ̀ le, oòrùn ibẹ̀ mú, ibẹ̀ la ti ń sá ẹ̀gẹ́ wa.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní bàálù kékeré tó ń gbé dókítà kiri fẹ́ máa balẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n yan kọ̀mítè tí yóò máa ṣàkóso pápá. Ọkùnrin ni gbogbo wọn! Tí wọ́n bá lé wa, níbo la ó ti máa sá ẹ̀gẹ́? Mo lọ bá alága wọn, Mùsíè Bẹ́núà, ọmọ abúlé wa tó dàgbà sí Kútọnú. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fáwọn àgbà. Èmi tí mo ti ní ọmọọmọ!

Lọ́jọ́ tí bàálù máa kọ́kọ́ wá, Mùsíè Bẹ́núà ní kí wọ́n fi màrìwò ṣe ẹnu ọ̀nà pápá lọ́ṣọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò pàtàkì. Ó ránṣẹ́ pé ká wá kó ẹ̀gẹ́ wa, òun náà bá lọ pàdé àwọn àlejò ní Pobè.

A débẹ̀, a rí màrìwò. Ha! Lọ́dọ̀ wa, ibi tí wọ́n bá ta màrìwò sí, Orò lè wà níbẹ̀. Obìnrin wo ló máa kọjá? Kódà èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò jẹ́ kọjá. Gbogbo wa sá lọ sílé.

Bàálù dé, ó yípo lókè, ó rí ẹ̀gẹ́ funfun báláú nílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ!

Mùsíè Bẹ́núà gun ọ̀kadà tá à ń pè ní zém dé, ó ń pariwo: "Ẹ̀yin ìyá, kí ló dé tẹ́ ò kó ẹ̀gẹ́ yín?"

Mo ní: "Ọmọ mi, o ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà, o wá ní kí obìnrin wọlé?"

Ó di orí mú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín pa á, ó pa àwa náà. Ó ní òun ì bá ti bi wá léèrè. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa náà ì bá ti ránṣẹ́ sí i dípò ká sá.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi obìnrin méjì kún kọ̀mítè. Èmi jẹ́ ọ̀kan! A pín ilẹ̀ náà: bàálù ní àárín pápá, ẹ̀gẹ́ ní etí rẹ̀. Nígbà tí bàálù padà wá, ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, dókítà sọ̀ kalẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ń gbálẹ̀ yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ti ṣèpàdé rí lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbá láìpè yín? Báwo lẹ ṣe wọlé sípàdé náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá tètè fèsì, ẹ má bínú: bàálù ń bọ̀, èmi ni wọ́n ń bi bóyá ilẹ̀ ti mọ́.