Etí Tí Jàfárù Fi Ń Mọ Páànù

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Jàfárù ti ń lu páànù alumíníọ̀mù di bàsíà ní Ìdímù. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà wá. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ kì í ṣe bí a ṣe ń di òòlù mú. Bí a ṣe ń tẹ́tí ni.

Páànù tó rọ̀ kì í pariwo, àfi bí ẹni ń lu ẹrẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún hóró wínníwínní tí ojú kò rí. Bí òòlù ṣe ń bà wọ́n, wọ́n ń di pẹlẹbẹ, wọ́n ń há mọ́ra wọn, títí ọ̀kan kò fi ní lè yẹ̀ fún èkejì mọ́. Nígbà náà ni páànù á le, á sì máa dún gooro. Ẹni tó bá ṣì ń lù ú yóò là á ni. Iná ló yẹ kó gbé e sí, kí hóró tuntun hù nínú rẹ̀, kó tún rọ̀.

Ṣùgbọ́n òòlù tó ń bọ́ Jàfárù ti ń jẹ ẹ́ létí díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí èèyàn bá dojú kọ ọ́. Gooro yẹn ni kò gbọ́ mọ́, láti ọdún méjì. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kàn ń ka òòlù ni: bó bá pé igba, á gbé páànù síná.

Nígbà tó yá, àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbé páànù méjì wá, kó fi ọ̀kan ṣe bàsíà tí wọn yóò máa fi wẹ òkú, kí èkejì sì wà nílẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Páànù náà nípọn, ó sì le ju èyí tó mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ.

Bó ṣe ń lu ti àkọ́kọ́, Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Lójijì ló pariwo:

"Bàbá Hamdalah, ẹ dúró! Ó ti ń dún!"

Jàfárù kò gbójú sókè. Ó ku àádọ́rin òòlù kó pé igba nígbà tí ìdí bàsíà là.

Nùrẹ́nì, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, bọ́ síta. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí omi òkú máa jò sí Lèmọ́mù lẹ́sẹ̀ ni?"

"Páànù burúkú ni wọ́n gbé wá."

"Kò sí ohun tó ṣe páànù," Ìdíátù sọ, ó dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ ọ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹ jẹ́ n jókòó tì yín. Bó bá ti ń dún, màá fọwọ́ kàn yín léjìká."

"Kí gbogbo àdúgbò wá máa wò mí? Fi mí sílẹ̀ jàre!"

Ó tẹ́ páànù kejì, ó gbé òòlù sókè. Bí eléyìí náà bá là, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Òòlù dúró lókè. Ó pẹ́ kó tó nà án sí Nùrẹ́nì.

"Bá mi lù ú."

Nùrẹ́nì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Jàfárù dúró tì í, ó da etí sílẹ̀. Kò tíì pẹ́ rárá tí Nùrẹ́nì fi dáwọ́ dúró, tó gbé páànù lọ sídìí iná. Jàfárù kò gbọ́ ohun tó dá a dúró.