Ohùn Jẹ́jẹ́ Tí Ọkọ Mi Mú Bọ̀ Láti Etí Adágún

Háà, Bàbá Fúnkẹ́, ilé wa mà dákẹ́ o! Ó dìgbà, ó di gbére, olówó orí mi, ọkọ àárọ̀ mi, alágbára tí kì í fi agbára rẹ́ni jẹ. Ẹ̀yin lẹ máa ń pe Fúnkẹ́ ní yàrá, tí Fúnkẹ́ ilé kejì á dáhùn.

Iṣẹ́ ló fà á. Ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yín ní Orégùn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí, lẹ bá di ẹni tó ń fi igbe tọrọ omi mu. Àlejò á rò pé ìjà là ń jà. Ẹ kì í bínú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń bẹ̀rù àtisún mọ́ yín, ó sì ń dùn mí gan-an. Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, mo ní ariwo ti wá bá mi délé tọ̀sán tòru.

Àfi bí Àlàájì Múfú, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, ṣe fi ìwọ̀ ẹja lé yín lọ́wọ́, tí wọ́n mú yín lọ sí adágún inú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kí àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ bí ẹni tó ṣì dúró ti ẹ̀rọ, gbogbo ẹja sá. Wọ́n bẹ̀ yín kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín lé lórí títí, ẹja epìyà ló kọ́ yín! Bí Sátidé bá ti dé, ẹ̀ ń lọ síbẹ̀, títí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fi mọ́ yín lára. Ẹja tí ẹ ń mú bọ̀ kò kún ìṣasùn rí, ẹ má bínú, ẹlẹ́ja tútù ní ọjà Ọgbà ló ń yọ wá. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ ń sùn lọ lórí itan yín bí ẹ bá ń pìtàn, Fúnkẹ́ náà á fa àga sún mọ́ yín. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀ lọ, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ rọra sọ ọ́ sí mi létí pé: "Ìyá Fúnkẹ́, o ṣeun. Ayé bá mi lára mu."

Fúnkẹ́ tó dúró tì wá bi mí pé kí lẹ wí. Mo ní èmi lẹ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ sùn re o, olóhùn iyọ̀ mi.