Kẹ́hìndé Onísíteèkì, Ta Ló Ní Kí O Ṣáájú Mi?

Háà! Kẹ́hìndé, ìwọ lo ṣe báyìí sí mi! Ó dìgbà o, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ, n kò sì ní díbọ́n. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sínú ìwé ìsìnkú yìí. Ọ̀rọ̀ dídùn wo?

Èmi Táyé ni o rán ṣáájú wáyé pé kí n lọ tọ́ ayé wò. Gbogbo Igbó-Ọrà ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ti ìbejì rí. Ta wá ló ní kí o kọ́kọ́ lọ síbi tí n kò tíì débẹ̀?

Ìwọ ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dùn, tó kọ́ṣẹ́ oúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì n'Íbàdàn, tó padà wá ń dáná òyìnbó nílé wa! Alápatà a máa bi ọ́ pé ẹran wo ló nípọn tó báyìí. Ìwọ a ní, "Síteèkì ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e wẹ́wẹ́." O ó ra wàrà olómi lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, o ó ré ọ̀rá orí rẹ̀, o ó gún iyèré, o ó sì dà wọ́n sínú páànù tí o fi dín ẹran. Bí ọbẹ̀ ata funfun náà bá ti ki, o ó pariwo: "Táyé, wá tọ́ ọ wò!" O kì í fi ẹnu kàn án kí n tó kàn án. O ní iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, kò tíì pẹ́ púpọ̀, iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà débi pé mo tu ú dànù. Mo ní, "Kẹ́hìndé, ṣé o fẹ́ fi iyọ̀ pa wá ni?" O rẹ́rìn-ín, o bu wàrà sí i. Àṣé àìsàn ti gba adùn lẹ́nu rẹ láti oṣù mẹ́ta! O sì ti mú kí ìyàwó rẹ búra, o ní, "Má jẹ́ kí Táyé gbọ́, kò ní lè jẹun mọ́." Mo bínú sí i. Mo bínú sí ọ jù ú lọ. Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ kí o máa ṣọ́ oúnjẹ mi? Ǹ bá gbé ọ lọ sí ọsibítù. Ǹ bá jókòó tì ọ́. Èmi tí wọ́n dá láti máa tọ́ nǹkan wò, mo tọ́ iyọ̀ yẹn wò, mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, n kò bi ọ́ léèrè ohunkóhun. Ojú ara mi ni mò ń tì, òun ni mo ṣe ń pariwo mọ́ ọ.

Ìyá wa máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n bí mi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo dá wà láyé kí o tó dé, àti pé igbe ni mo ń ké títí o fi bọ́ sílẹ̀. Kẹ́hìndé, mo tún ti dá wà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lè ké títí, o kò ní dé.

Máa lọ o, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì dárí jì ọ́. Sùn re o.

Táyé, àbúrò rẹ