Orúkọ Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta Nínú Rẹ́jísítà Moríkẹ́

Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, Màdáámù Moríkẹ́ Olówòkéré á dúró lórí pátákó níwájú ilé-ìwé rẹ̀, á ṣí rẹ́jísítà, á sì pe orúkọ ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló máa ń jókòó síwájú rẹ̀. Bó bá pe ọmọ tó wà níbẹ̀, onítọ̀hún á dáhùn pé, "Mo wà, mà." Bó bá pe èyí tí kò sí níbẹ̀, ẹni tó bá bá ọmọ náà tan, tàbí aládùúgbò wọn, á dáhùn fún un pé, "Ó wà lómi."

Abúlé wa wà lápá Abereke, òkun ló dojú kọ. Ní tiwa, bí apẹja bá kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀, tó lọ pẹja ní Kamẹrúùnù tàbí Gàbọ́ọ̀nù, a kì í sọ pé ó ti lọ. A ó ní ó wà lómi. Ì báà lo ọdún kan, ì báà lo mẹ́ta, ó wà lómi náà ni. A kì í sì fa orúkọ rẹ̀ já nínú ìwé kankan. Orúkọ òkú nìkan là ń fà já.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wa, àwọn tó ń lọ ti pọ̀ ju àwọn tó ń bọ̀ lọ. Ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀, tí a fi pátákó kọ́ sórí òpó lójú omi, ti ṣí kúrò níbi tó wà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n tú u lẹ́ẹ̀kejì, Moríkẹ́ ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára pátákó kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọkùnrin lè mọ bí wọn ó ṣe tò ó padà. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ọmọ ti ń ṣe ìṣirò nínú ẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa. Ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé náà ni mo ti máa ń tún àwọ̀n ṣe láàárọ̀, orúkọ kan sì wà tí mo ń dáhùn fún: Ìtẹ́olúwakìṣí, ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí. Ó di ọdún kẹrin báyìí tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ. Láti èṣí, a ò gbúròó wọn mọ́.

Moríkẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta nígbà tó sọ fún mi pé òun fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé.

"Oyè ọ̀mọ̀wé nínú kí ni, Màdáámù?"

"Nínú bí a ṣe ń darí ilé-ìwé, Bàbá Akọ̀wé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́ni. Mi ò ní í kúrò níbí."

"Ẹ ti ń darí ilé-ìwé láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kọ́ yín?"

"Àwọn tó ń ṣòfin ilé-ìwé fún wa, kò sẹ́ni tó mọ omi nínú wọn. Wọ́n ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọgbà ẹ̀fọ́. Wọ́n ní ká máa ro pápá ìṣeré. Pápá wo? Mo fẹ́ jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ òfin yẹn. Wọn ò sì ní í fún ẹni tí kò lóyè ní àga níbẹ̀."

Gàfárù, tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èrò lọ sí Ode Mahin, ti gbọ́. "Màdáámù, bẹ́ ẹ bá ti di dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìbàdí ń dùn mí o."

"Dókítà ìwé ni, Gàfárù. Orí rẹ ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Inú ọkọ̀ Gàfárù náà ló ti kọ fọ́ọ̀mù ọ̀hún tán, torí ibi kan ṣoṣo lójú omi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Yunifásítì náà ní kí ẹnì kan ní ìlú rẹ̀ kọ ẹ̀rí nípa iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ló mú. Ìbéèrè kan wà nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: ọmọ mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀? Mo kọ mọ́kàndínlógún. Ohun tí mò ń rí nìyẹn. N kò bi í léèrè, kódà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo sọ òótọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìyẹn, Moríkẹ́ bá mi nídìí àwọ̀n, ó na fóònù sí mi. Wọ́n ti kọ̀wé padà. Fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sọ pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tèmi sọ pé mọ́kàndínlógún. Òfin wọn sì ni pé olùdarí tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ kò bá tó ọgbọ̀n kò lè wọlé. Wọ́n fẹ́ bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá Akọ̀wé, kí lẹ kọ yìí?"

"Ohun tí mo rí ni mo kọ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáhùn 'Ó wà lómi' láràárọ̀? Irọ́ lẹ ti ń pa fún mi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn?"

Ó gba fóònù rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi.

"Èèyàn mélòó lẹ kọ ránṣẹ́ sí oríkò ìjọ yín lọ́dún yìí?"

"Ọgọ́sàn-án."

"Mélòó ló ń jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Mo tẹjú mọ́ àwọ̀n. Àádọ́rin ni, ìyẹn bó bá jẹ́ ọjọ́ ìkórè. "Ìyẹn yàtọ̀," ni mo wí. "Ìgbàgbọ́ nìyẹn."

"Tèmi wá ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ sáà sọ fún wọn pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Bí a ṣe ń kà á nílé wa nìyẹn. Ẹ ò ní í purọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí. N kò rí ìran, n kò gbọ́ ohùn. Lọ́dún tí òkun gbé ààyè ilé-ìwé àtijọ́ lọ, ọjọ́ méje la fi gbààwẹ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilẹ̀ náà ya. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Mò ń kọrin, mò ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú mi tí kò tíì kọrin látọjọ́ náà.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Gàfárù gbé wa lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó so ọkọ̀ mọ́ òpó kan tó yọrí lójú omi. Òpó ilé-ìwé àtijọ́ ni. Ó na agbòòrùn sórí Moríkẹ́.

Èèyàn mẹ́ta ló hàn lójú fóònù. Èdè òyìnbó ni gbogbo wa ń sọ. Èmi ni obìnrin tó lo awò ojú nínú wọn kọ́kọ́ bi. Ó ní ó ti yé àwọn pé àwọn ọmọ kan wà lẹ́yìn odi. "Ṣùgbọ́n, bàbá, àwọn ọmọ márùndínláàádọ́ta wọ̀nyí, ṣé wọ́n ń padà bọ̀?"

Mo ti pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni ni màá sọ. Mo la ẹnu, ojú Ìtẹ́olúwakìṣí sì wá sí mi lọ́kàn, eyín iwájú rẹ̀ tó ti ká nígbà tó ń wọ ọkọ̀.

"N kò mọ̀, mà," ni mo wí. "Mò ń dáhùn fún ọ̀kan nínú wọn láràárọ̀. N kò mọ̀."

Moríkẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kò wojú mi. "Mọ́kàndínlógún ló ń jókòó, mà. Èmi ni mo kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bí a ṣe ń kà á nílé wa ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ béèrè nìyẹn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́."

Bá a ṣe ń padà, Gàfárù tó ń wa ọkọ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí, òótọ́ yín ti pọ̀ jù."

Lọ́jọ́ Ajé ni èsì dé: wọn kò lè gbà á lọ́dún yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sídìí àwọ̀n mi. Mo rò pé orúkọ mọ́kàndínlógún péré ni yóò pè. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó bẹ̀rẹ̀, kò fo ẹyọ kan. Àwọn ọmọ ń dáhùn: mo wà, mà, ó wà lómi, ó wà lómi. Ó pe Ìtẹ́olúwakìṣí. Kò kọjá lọ sórí orúkọ mìíràn. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

"Ó wà lómi," ni mo wí.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá Akọ̀wé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mo sọ ọ́ sókè. N kò mọ̀ bóyá irọ́ ni mò ń pa tàbí àdúrà ni mò ń gbà. Mo kàn sọ ọ́.

Nígbà tó pe orúkọ tán, ó fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, ó kọ nọ́ńbà méjì síbẹ̀: Jókòó, mọ́kàndínlógún. Lómi, márùndínláàádọ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ ṣí ìwé orúkọ ìjọ, èmi náà fa ìlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ iye tó ń jókòó àti iye tó wà lómi síbẹ̀.

Moríkẹ́ ti tún kọ̀wé sí yunifásítì náà. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó ní fọ́ọ̀mù wọn kò ní àyè fún ọmọ tó wà lómi, òun sì fẹ́ mọ ibi tí òun yóò kọ wọ́n sí lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn kò tíì fèsì. Gàfárù ní òun yóò tún gbé e lọ síbi òpó náà lọ́jọ́ Ẹtì, bí òun bá ti kírun Jímọ̀ tán.